Ṣé Kò Le Jù, Màmá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo onídìrí máa ń sọ láìrò ó tẹ́lẹ̀. Bí a bá ti fa irun díẹ̀, tí ẹni tó jókòó sáàárín orúnkún wa bá ti fajú ro, a ó bi í pé, "Ṣé kò le jù?" Kì í ṣe pé a fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Bó bá ní ó le, a ó ní kó ní sùúrù, ó kù díẹ̀, a ó sì máa fà á lọ. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu ni. Mo ti bi àwọn ìyàwó tuntun léèrè, mo ti bi àwọn ọmọdé tó ń sunkún léèrè, mo tilẹ̀ ti bi àwọn tó ti sùn lọ fọnfọn lórí ẹsẹ̀ mi. Ní Ẹ̀pẹ́, ní ọdún mélòó kan kí orílẹ̀-èdè wa tó gba òmìnira, ọ̀rọ̀ yìí bọ́ lẹ́nu mi níbi tí kò yẹ kó ti bọ́ rárá, mo sì rò pé iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn.

Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí, ní apá Ìpakodò, níbi tí màmá mi ti ń yan ẹja tà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ irun dídì, ibẹ̀ náà ni ọkọ mi ti rí mi. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wà, òun ló fi ń kó ẹrù láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Èbúté Ìkòròdú. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni, lára àwọn tí bàbá bàbá wọn sá kúrò ní Èkó nígbà ogun tí wọ́n wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Títí di ìgbà tí mo délé wọn, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ Èkó bí ẹni pé àná ni wọ́n kúrò níbẹ̀, tí wọ́n á sì padà lọ́la. Mùsùlùmí ni wọ́n, Mùsùlùmí ni àwa náà, nítorí náà ìgbéyàwó wa kò mú ariwo lọ́wọ́. Kìkì pé wọ́n ń pè mí ní Ìyàwó Ìkòròdú, bí ẹni pé òkè òkun ni wọ́n ti fẹ́ mi wá. Ó máa ń bí mi nínú nígbà náà. Mo máa ń tètè bínú, mi ò ní purọ́.

Igi àgbálùmọ̀ kan wà níwájú ilé ọkọ mi. Abẹ́ rẹ̀ ni mo tẹ́ ẹní sí, mo gbé àpótí ìjókòó mi síbẹ̀, mo kó òòyà, òwú àti òrí jáde, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin àdúgbò fi mọ̀ pé ọwọ́ mi dára. Mo lè di ṣùkú kó dúró ṣánṣán, mo lè di pàtẹ́wọ́ kó má yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọwọ́ mi yá, ẹnu mi náà yá. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé onílé ni wọ́n ń sọ lábẹ́ igi yẹn, èmi náà a sì máa fi tèmi kún un. Ohun tó ń wọlé fún mi níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tèmi ni, n kì í tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ọkọ.

Ọmọ ni kò dúró. Oyún bàjẹ́ lára mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹ̀kẹta wá pé oṣù rẹ̀, ìrọbí mú mi láti òwúrọ̀, oòrùn wọ̀, ọmọ kò jáde. Mo gbọ́ tí agbẹ̀bí ń bá àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo sì mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Mo di ògiri mú. Mo ní, "Ọlọ́run, bí O bá yọ mí nínú èyí, iṣẹ́ tí O bá ní kí n ṣe fún Ọ, mi ò ní sọ pé rárá." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọ mi ké. Obìnrin ni. Ìtura tó bá mi lọ́jọ́ yẹn, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé wọn ò tètè gbé ọmọ náà fún mi.

Nígbà tí ara mi le, mo rántí ẹ̀jẹ́ mi. N kò fẹ́ kí Ọlọ́run wá máa rán mi létí, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo yan iṣẹ́ tí mo máa ṣe. Mo mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá iwájú mọ́sálásí àdúgbò wa láràárọ̀. Mo ń pọn omi sínú ìkòkò tí àwọn èèyàn fi ń ṣe àlùwàlá. Iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní ni. Àwọn èèyàn ń rí mi, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, mo sì ń padà sídìí irun mi kí oòrùn tó mú. Mo rò pé èmi àti Ọlọ́run ti parí ọ̀rọ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Bàbá ọkọ mi ní àbúrò obìnrin kan tó ti dàgbà gan-an. Ìyá àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló ń wẹ òkú obìnrin ní àdúgbò wa. Nínú ẹ̀sìn wa, obìnrin ló máa ń wẹ obìnrin tó bá kú, nítorí náà ṣàṣà ni ilé tí ìyá yìí kò tíì wọ̀. Síbẹ̀, bó bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, àwọn ọmọdé á sá wọlé, àwọn àgbà á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì yà fún un díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi náà máa ń yà.

Lọ́jọ́ kan ó wá jókòó sórí ẹní mi. Mo rò pé irun ló fẹ́ dì, mo sì ti ń wò ó pé kí ni n ó rí dì nínú ìwọ̀nba irun funfun tó kù lórí rẹ̀. Kò tú gèlè. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. Làkúrègbé ti mú un ní gbogbo ìka, wọ́n ti ká kò, wọn ò ṣeé nà mọ́.

"Ìyàwó," ó ní, "wo ọwọ́ mi."

"Mo rí i, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé kí n bá yín fi òrí pa á ni?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrí. Èyí tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ mi ni irun. Mo ṣì lè da omi, mo ṣì lè fi aṣọ nu ara, àwọn ọmọ olóòkú á bá mi gbé e. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tú irun orí obìnrin, ká fọ̀ ọ́, ká wá dì í ní mẹ́ta, ká fi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìka mi ò lè tú òwú mọ́. Ẹni tí mo wẹ̀ kẹ́yìn, mo pẹ́ lórí irun rẹ̀ débi pé àwọn ọkùnrin ń pariwo láti ìta pé ilẹ̀ ń ṣú."

Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó òòyà mi jọ.

"Mo ti ń gbàdúrà lórí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni ọkàn mi ń lọ ṣáá. Èmi fúnra mi kọ̀ ọ́, torí pé ẹnu rẹ ti pọ̀ jù. Mo tún gbàdúrà, ìwọ náà ni. Ọlọ́run ló ń pè ẹ́, ìyàwó, kì í ṣe èmi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà, orí àwọn èèyàn ni mo fi ń jẹun. Ta ló máa gbé orí fún ọwọ́ tó ti kan òkú?"

"Mi ò mọ̀," ó ní. Ó fọwọ́ ti igi, ó rọra dìde. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ náà ò ní dúró de ìgbà tí a bá ṣe tán."

Kì í ṣe òkú ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n máa ń sọ ní àdúgbò wa pé bí ọwọ́ tó wẹ òkú bá kan irun alààyè, irun náà á máa já. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi gan-an ti sọ ọ́ rí lábẹ́ igi mi, gbogbo wa sì mi orí pé òótọ́ ni. Bákan náà, onídìrí mìíràn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí iwájú wa díẹ̀, ó sì ń wá oníbàárà lójú méjèèjì. Bí mo bá gbà, àwọn obìnrin á kàn rékọjá mi lọ bá a ni, n ó sì jókòó sábẹ́ igi máa fi òòyà ya irun ara mi. Bí mo bá kọ̀, á jẹ́ pé mo ti purọ́ fún Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀. N kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí.

Mo sọ fún ọkọ mi nígbà tó ti orí omi dé. Mo fẹ́ kó bínú, kó fọwọ́ lu tábìlì, kó ní ìyàwó òun ò ní ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ń jẹun lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó jẹ tán, tó fọ ọwọ́, ó ní, "Ìwọ lo bá Ọlọ́run ṣàdéhùn. Mi ò sí níbẹ̀."

"Ṣé gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn?"

"Mò ń lọ sí Ìkòròdú lọ́la. Bó o bá fẹ́, jẹ́ ká jọ lọ, kó o béèrè lọ́wọ́ màmá rẹ."

Mo fò mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Màmá mi kì í fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó jẹ mọ́ òkú. Bí wọ́n bá ń gbé òkú kọjá, ilẹ̀kùn ló máa ń tì. Mo mọ̀ dájú pé rárá ló máa sọ, mo sì rò ó pé bí ìyá ẹni bá ti sọ pé rárá, Ọlọ́run náà á rí i pé ẹjọ́ kì í ṣe tèmi. Mo pọn ọmọ mi, mo jókòó sáàárín àwọn àpò gààrí nínú ọkọ̀, ara mi yá gágá bí ẹni tó ń lọ sóde ọdún.

Màmá mi wà nídìí ààrò ẹja nígbà tí mo débẹ̀. Mo rojọ́ mi tán, mo sì rò ó lọ́nà tó fi máa bà á lẹ́rù dáadáa. Ó ń yí ẹja padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yí wọn tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Nígbà tí ìyá mi kú," ó ní, "ìwọ ò tíì dáyé. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa nítòsí wa. Obìnrin kan tó ń kánjú ni wọ́n mú wá. Òwú wà nírun ìyá mi. Èmi ni mo bá a fi òwú dì í, nígbà tó ṣì ń ṣàìsàn, kí orí rẹ̀ lè mọ́. Obìnrin yẹn ò ráyè tú u. Ó mú ọ̀bẹ."

Màmá mi fi etí ìró nu ojú, ó ní èéfín ni.

"Màmá, ṣé ẹ ní kí n lọ ṣe é ni?"

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn," ó ní. "Kì í ṣe òkú ni mò ń sá fún. Lọ, ọmọ mi. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò gbé orí fún ẹ mọ́, wá máa bá mi yan ẹja."

Ọkọ̀ wa gbéra padà sí Ẹ̀pẹ́. Inú ń bí mi sí màmá mi, inú ń bí mi sí obìnrin ọlọ́bẹ tí n kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìbínú yẹn, ohun kan ti fúyẹ́ lára mi. Láti ọjọ́ tí Ìyá àgbà ti wá ni mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi sọ pé rárá, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ kí n tó délé.

"Ìyá àgbà, mo gbà," mo ní. "Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé inú mi dùn sí i o."

"Ọlọ́run ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹ," ó ní. "Jókòó."

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi tàbí ti aṣọ. Ó ní, "Ohun tó o bá rí níbẹ̀, ibẹ̀ ni kó o fi í sí. Àpá, egbò, ohunkóhun. O ò gbọdọ̀ gbé e wá sábẹ́ igi rẹ." Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wò mí títí, ó mi orí, ó ní Ọlọ́run tó yan ẹnu yìí ló mọ ohun tó rí.

Ààwẹ̀ ti ń lọ sópin nígbà tí wọ́n wá pè wá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àárọ̀ tán ni. Màmá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà ló kú, lẹ́yìn tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn fúngbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Oníbàárà mi ni. Kí àìsàn tó dá a gúnlẹ̀, èmi ni mo di ṣùkú olówùú tó wà lórí rẹ̀, ó sì ti ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn pé kí n dì í kó dára o, òun fẹ́ kó bá òun dọ́dún.

Wọ́n ti fi ẹní pa ibì kan mọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀: èmi, Ìyá àgbà, àti ọmọ màmá náà obìnrin, abilékọ tó jù mí lọ díẹ̀. Òun ló ń bu omi. Ìyá àgbà fi aṣọ bo òkú, abẹ́ aṣọ lọwọ́ wa ń gbà. Ó ń sọ ohun tí n ó ṣe fún mi ní ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì ń ṣe é. Ohun mìíràn tí mo rí níbẹ̀ tó yàtọ̀ sí irun, n kò ní sọ ọ́ níhìn-ín náà.

A wá kan irun. Bí ọwọ́ mi ṣe kan òwú náà báyìí, ó mọ ọ̀nà. Mo mọ ibi tí mo ti ta kókó sí. Mo mọ ibi tí irun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ lápá iwájú, tí mo máa ń rọra gbà kọjá. Orí tí mo mọ̀ ni. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi òòyà yà á láti ìdí dé orí, omi ń ro sílẹ̀. Mo pín in sí mẹ́ta, mo di àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé orí ìkejì, irun náà lọ́ mọ́ra, mo fà á díẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ṣé kò le jù, Màmá?"

Igbá omi dúró lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ìyá àgbà kò wo ojú mi. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ká kò tọ́ aṣọ tó bo òkú náà, ó sì sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn dáhùn, "Kò le jù. Máa ṣe é lọ."

Ọmọ náà gbé igbá sílẹ̀. Ó fi ìró bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, n kò sì lè gbójú sókè láti wò ó. Mo di ìkejì, mo di ìkẹta, mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀yìn màmá náà. A fi lọ́fíńdà sí i, a fi aṣọ funfun wé e. Àwọn ọkùnrin gbé e jáde lọ kírun sí i lára. Èmi lọ wẹ̀, mo sùn sílẹ̀ nínú yàrá, mo sì pa ojú dé kí n má baà rántí ohun tí mo sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọjà kí oòrùn tó yí. Ní ilé omi tí gbogbo àdúgbò ti ń pọn omi, mo bá àwọn obìnrin kan tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ fún àwọn yòókù pé, "Òun náà ni o, ẹni tó ń bi òkú bóyá irun le." Wọ́n rí mi, wọ́n panu mọ́. Èmi kò panu mọ́ ní tèmi. Mo gbé korobá mi kalẹ̀, mo ní kí ẹni tó bá mọ irun dì jù mí lọ bọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó bọ́ síwájú. Wọ́n gbé omi wọn, wọ́n lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ìtúnu Ààwẹ̀ ni onídìrí kì í ráyè nu imú. Gbogbo obìnrin ló fẹ́ dirun ọdún. Lọ́dún yẹn, abẹ́ igi mi dá páropáro. Wọ́n ń rékọjá mi lọ sọ́dọ̀ onídìrí kejì bí mo ṣe rò ó gẹ́lẹ́, wọ́n ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì ń yà fún mi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kan tó ti kó òwú rẹ̀ sọ́dọ̀ mi sílẹ̀ ránṣẹ́ wá gbà á. Mo dá ọmọ olóòkú náà lẹ́bi nínú ọkàn mi, pé òun ló fi mí ṣẹ̀sín káàkiri. Mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Mo ṣe é o. O ò sọ pé mo máa rẹ́rìn-ín, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n jẹun ńkọ́?"

Mo lọ fẹjọ́ sun Ìyá àgbà.

"Wọ́n máa ń yà fún èmi náà," ó ní.

"Títí di ìgbà wo, mà?"

Ó rò ó. "Wọn ò tíì dáwọ́ dúró."

Ìyẹn ò tù mí nínú rárá. Mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹja yíyan ní Ìpakodò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo rí màmá arúgbó kan tó ń bọ̀ láti apá etí omi pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. N kò mọ̀ ọ́n. Ó dé ọ̀dọ̀ onídìrí kejì, wọ́n pè é níbẹ̀ pé kó wá jókòó, ó kí wọn, ó ń bọ̀. Mo ti múra láti kí i kó kọjá. Kò kọjá. Ó gbé ọ̀pá ti igi, ó di èjìká mi mú, ó rọra jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn tì mí lórúnkún, ó sì tú gèlè.

"Ṣé ìwọ ni Ìyàwó Ìkòròdú?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ lo wẹ ọ̀rẹ́ mi tó ń ta aṣọ?"

"Èmi àti Ìyá àgbà ni, mà."

"Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi. Ó ní o bi màmá òun bóyá irun le jù."

"Ẹ má bínú, mà, ẹnu mi ló..."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ọmọ yẹn ń sọ ọ́ kiri ni. Ó ní látìgbà tí màmá òun ti kú, gbogbo èèyàn ló ń pè é ní òkú, wọ́n ń sọ pé gbé òkú síhìn-ín, gbé òkú sọ́hùn-ún. Ìwọ nìkan lo bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ó ní ìgbà yẹn ni ẹkún tó há òun láyà tó jáde." Ó fọwọ́ pa irun rẹ̀ tó funfun bí òwú. "Èmi ò bímọ obìnrin, ìyàwó. Ikú ò bà mí lẹ́rù. Ọwọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló ń bà mí lẹ́rù. Torí náà ni mo ṣe wá. Mo fẹ́ kí orí mi ti mọ ọwọ́ rẹ kí ọjọ́ náà tó dé."

Mo mí kanlẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ti há èémí sínú látọjọ́ yẹn. Gbogbo ara mi tú, omi lé sí mi lójú, mo sì dúpẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Mo mú òrí, mo fi pa á lórí, mo la ojú irun rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Irun rẹ̀ rọ̀, ó sì fẹ́lẹ́. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn etí, ọ̀rọ̀ náà tún bọ́ lẹ́nu mi.

"Ṣé kò le jù, mà?"

"Ó le díẹ̀," ó ní. "Níbẹ̀ yẹn, lẹ́yìn etí. Ó máa ń dùn mí níbẹ̀. Bá mi dẹ̀ ẹ́, kó o sì fi í sọ́kàn, nísinsìnyí tí mo ṣì lè sọ ọ́ fún ẹ."

Mo dẹ̀ ẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e wá kí ọdún tó dé. Àwọn arúgbó ló kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ wọn, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin ilé omi, tí wọn ò wo ojú mi dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo fà wọ́n nírun díẹ̀, mo sì dárí jì wọ́n. Irun ẹnikẹ́ni ò já. Ọkọ mi gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìkòròdú, màmá mi sì fi ẹja yíyan apẹ̀rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé wọ́n gbé òkú kan kọjá, òun ò ti ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà, bí mo bá bi èèyàn bóyá ó le jù, mo máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n sì máa ń sọ òtítọ́ fún mi. Ẹni tí iwájú orí ń dùn, ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fa ìpàkọ́, gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀, mo sì fi í síbi tí Ìyá àgbà ní kí n máa fi nǹkan sí.

Màmá arúgbó yẹn tún gbé ayé fúngbà pípẹ́. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n wá pè mí sílé rẹ̀, mo tú irun rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo pín in sí mẹ́ta. N kò bi í léèrè ohunkóhun. Mo dẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn etí.